Igi Méjì Tèmi, Igi Méjì Tìẹ

“Ewé wo lo tún já yẹn?” Clive béèrè láti orí fàráńdà.

Nerida kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà onípákó, ó na ewé igbó náà sí oòrùn, ó sì ń yí i síwá sẹ́yìn. Ewé náà ti pọ́n rúsúrúsú láti etí, ṣóńṣó ìka rẹ̀ méjèèje sì ti gbẹ, ó dúdú bí ohun tí iná lá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ̀nba ewé díẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ lára igi yìí. Ní báyìí, eléyìí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ lára rẹ̀ lèèyàn máa fojú wá kó tó rí.

“Mo ní ewé wo lo já?”

“Èyí tó ti kú ni. Ṣé mo máa wá já èyí tó wà láàyè ni?”

“Igi tèmi ni àbí tìẹ?”

“Tìẹ ni.”

“Mo mọ̀,” Clive wí. “Tí ibi bá ń bọ̀ nílé yìí, ó mọ ọ̀nà yàrá mi.”

Ní Canberra, òfin ti gbà pé kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan gbin igi igbó méjì sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ilé kan má sì ju mẹ́rin lọ. Nerida gbin mẹ́rin gééré. Ẹ̀yìn ọjọ́ eré ẹṣin Melbourne, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ló gbìn wọ́n, nítorí ẹni tó bá gbin nǹkan ṣáájú ọjọ́ yẹn ní ìlú náà, ìrì dídì ni yóò bá a kórè rẹ̀. Clive ló fi ẹnu ara rẹ̀ pín in. Ó ní méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi lẹ́mọ́ọ̀nù jẹ́ tòun, méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré irinṣẹ́ jẹ́ ti ìyàwó òun, pé bí wọ́n bá wá kà á, kí olúkúlùkù lọ dúró ti tirẹ̀. Àwàdà ni nígbà náà. Ó sì ka òfin náà sí Nerida létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kátíkísìmù: o ò gbọdọ̀ tà á, o ò gbọdọ̀ fi í tọrẹ, ì báà ṣe ewé kan ṣoṣo, ì báà ṣe ẹni tí ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan.

Ó yẹ kí ó mọ òfin náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọlọ́pàá, ó sì ti fa irú igi yìí tu níbi tí kò lóǹkà, ó ti dáná sun ún, ó ti kó àwọn tó gbìn ín lọ síwájú adájọ́. Ayé wá yí, òfin wá yí, ara tirẹ̀ náà wá yí. Àrùn jẹjẹrẹ mú un, wọ́n sì fi oògùn lé jẹjẹrẹ náà lọ, ṣùgbọ́n oògùn náà kò lọ lásán. Ó ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Bí alẹ́ bá ti ń lẹ́, Clive á ní ó dà bí ẹni pé òun ń rìn lórí àfọ́kù ìgò, bẹ́ẹ̀ orí àga ló jókòó sí. Nígbà òtútù, ó máa ń sunkún. Kì í fẹ́ kí Nerida rí i, ṣùgbọ́n ilé wọn kò tóbi tó ilé tí ọkùnrin ti lè dá sunkún.

Dókítà fún un ní oògùn ìrora, ó lò ó, ó ń bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dì. Dókítà ní ó dára, òun lè kọ oògùn tí wọ́n fi igbó ṣe fún un, kó lọ gbà á nílé oògùn bí ọmọlúàbí. Clive ní láéláé. Ó ní ọmọ ẹni tí òun kọ́ níṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ta oògùn níbẹ̀, òun kò ní fi ojú òun rí ọjọ́ tí wọ́n máa pe orúkọ òun mọ́ igbó níwájú èrò.

Nerida kò bá a jiyàn. Ó kàn gbin igi rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó kórè, ó sá a, ó sè é nínú òróró ólífì, ó sì ń fún ọkọ rẹ̀ ní ṣíbí kan lálaalẹ́. Clive sùn. Ó sùn bí ọmọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù náà, kò sì fìgbà kan pe nǹkan náà lórúkọ. “Òróró Nerida” ló ń pè é, bí ẹni pé inú ara ìyàwó rẹ̀ ló ti ń jáde. Kò bá a bomi rin igi náà rí, kò sì béèrè bí ó ṣe ń ṣe é. Ìgò náà kù díẹ̀ nísinsìnyí. Bí igi mẹ́rin yìí bá kú, kò sí òróró, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà òtútù kò ní torí bẹ́ẹ̀ má wá.

Ó ti gbìyànjú. Ó lọ sílé ìtajà ohun ọ̀gbìn, ó na ewé kan sí ọkùnrin tó ń tajà.

“Kí lo gbìn?” ọkùnrin náà béèrè.

“Tòmátì,” ni Nerida wí, ojú sì ti í.

“Tòmátì. Ó ga tó ibo?”

“Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi.”

“Hẹn-ẹn,” ni ọkùnrin náà wí, ó rọra wo ewé tó ní ìka méje lọ́wọ́ rẹ̀. “Irú tòmátì yẹn pọ̀ ní Canberra lọ́dún yìí. Ebi ló ń pa á, ìyá. Fún un lóúnjẹ.”

Ó ra ajílẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti egungun ẹran ṣe, ó bù ú sí ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ewé tún pọ́n sí i. Ó ka nǹkan lórí fóònù, ẹnì kan níbẹ̀ ní iyọ̀ tí àwọn arúgbó fi ń rẹ ẹsẹ̀ tó wú ló yẹ kó fi sí i. Ó fi sí i. Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré wulẹ̀ ń fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù ń kú lọ ní tiwọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí ó lè pè, ẹni náà ni kò sì fẹ́ pè.

Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún rẹ̀.

“Mo fẹ́ pe Murray,” ó wí.

Clive gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. “Kí lo fẹ́ pè é fún?”

“Ta ni mo tún mọ̀ tó mọ igi yìí?”

“Òótọ́ ni,” Clive wí. “Òun ló mọ̀ ọ́n.”

*

Murray ni àbúrò Nerida. Queanbeyan ló ń gbé, kò jìnnà rárá, tíì tí èèyàn bá gbé kaná kò ní tíì tutù tí yóò fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí òdìkejì ààlà ìpínlẹ̀, òfin ibẹ̀ kò sì tíì yí. Ẹni tó bá gbin igi kan ṣoṣo níbẹ̀ ti rú òfin.

Olùkọ́ ni Murray nígbà èwe rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, àwọn ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó wá lọ gbin igi igbó mélòó kan sínú ẹgàn lẹ́yìn ìlú, ti ara rẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Clive gan-an ló fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Murray lo oṣù mọ́kànlá lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ rí i lójú, ìyàwó rẹ̀ sì ti kó lọ sí Perth. Ọkọ̀ tó ń po kọnkéré ló fi ìyókù ayé rẹ̀ wà. Láti ìgbà náà, kò wọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Níbi ìsìnkú ìyá wọn nìkan ló ti bá a sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré. Ó ní, “Ìwọ nìkan lo mọ̀, Neri.” Nerida rò pé ọ̀fọ̀ ló ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lẹ́nu.

Nerida pè é, ó sọ fún un bí ewé náà ṣe ń pọ́n. Murray ní, “Láti òkè ló ti ń pọ́n ni àbí láti ìsàlẹ̀?” Nerida sì mọ̀ pé yóò wá.

Ọ̀sán Sátidé ló dé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, kò gba iwájú. Ó ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ó dé fìlà iṣẹ́ tó ti ṣá. Ó dúró níwájú fàráńdà.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá,” ó wí. Kò nawọ́.

“Murray. Irun rẹ ti funfun.”

“Ọjọ́ ló ń fọ̀ ọ́. Tìẹ dà?”

Clive fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. “Tèmi bá àìsàn lọ.”

“Ó dáa tó rí ẹni bá lọ,” Murray wí, ó sì kọjá lọ síbi igi.

Nerida tẹ̀lé e. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ gbogbo ohun tó ti ṣe, ṣùgbọ́n Murray gbé ọwọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí tíṣà tí kíláàsì ń pariwo mọ́.

“Jẹ́ kí n wò ó ná. Ewé kì í parọ́. Èèyàn ló ń parọ́.” Ó mú ẹ̀ka kan. “Tí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n látòkè délẹ̀, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ebi ló ń pa á. Tó bá ń pọ́n láàárín iṣan, tí iṣan fúnra rẹ̀ sì tutù, iyọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ ẹsẹ̀ ì bá wò ó sàn. Tèyí ò rí bẹ́ẹ̀. Wo etí rẹ̀. Wo bí ó ṣe ká wálẹ̀ bí èékánná ẹyẹ. Kí lo fún un?”

“Ajílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àti egungun. Iyọ̀. Omi.”

“Kí tún ni?”

“Ó tán.”

“Kò tán,” Murray wí. Ó kúnlẹ̀ ní ìdí igi Clive, ó fi ìka họ ilẹ̀. Nǹkan funfun kan ti hó sórí ilẹ̀ náà, bí iyọ̀ ṣe ń gbẹ sétí ìkòkò. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí imú padà. Ó rìn lọ sí ìdí igi Nerida lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, ó bu iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó padà wá. Ó wo igi lẹ́mọ́ọ̀nù tó so jìngbìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kó jáde.

“Clive,” ó ké sí i, “ta ló ń tọ̀ sí lẹ́mọ́ọ̀nù yìí?”

Kò sí ìbéèrè nínú ìyẹn. Ní ilẹ̀ wọn, kò sí baálé ilé tó ní igi lẹ́mọ́ọ̀nù tí kì í tọ̀ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kó so. Bàbá Clive ṣe é, bàbá Nerida àti Murray náà ṣe é títí ọ̀run fi pè é, ìyàwó kan kò sì bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí rẹ̀ rí.

“Lẹ́mọ́ọ̀nù mi ni,” Clive wí.

“Mi ò bá ọ jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ti yà sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀.”

Clive wo inú ife rẹ̀. “Mo rí i pé ó ń pọ́n,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Mo rò pé ebi ló ń pa á.”

Nerida yíjú sí i. Ọkùnrin tí kò béèrè igi yìí rí, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí, ló ń jí ní ìdájí kí ìyàwó rẹ̀ tó jí, tó ń fi ọ̀pá rìn lórí àfọ́kù ìgò tirẹ̀ gba orí koríko kọjá, láti wá fún un lóúnjẹ. Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n nínú, omi sì gbọ̀n ọ́n lójú. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ó fẹ́ràn Clive ju bí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá. Ìyẹn ló jẹ́ kí èyí tó tẹ̀lé e dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Murray ti rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. “Ìwọ ń bọ́ ọ lọ́sàn-án, òun ń bọ́ ọ ní ìdájí. Ẹ ti bọ́ ọ pa. Lẹ́mọ́ọ̀nù ti dàgbà, gbòǹgbò rẹ̀ ti rìn jìnnà, ó lè gbà á mọ́ra. Ọmọ oṣù mélòó kan lèyí. Iyọ̀ ti jó o nísàlẹ̀, kò lè fa omi mu mọ́. Ẹ rí i tó ń pọ́n, ẹ sì tún ń fún un sí i.”

“Ṣé ó ní àtúnṣe?” Nerida béèrè.

“Ó ní. Omi ni. Omi púpọ̀, títí yóò fi fọ ilẹ̀ náà.”

Ó gbé rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà, tó wà lórí koríko. Nerida rò pé yóò ṣí ẹ̀rọ omi. Kò ṣí i. Ó dojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbé rọ́bà náà sórí itan, ó kọjú sí fàráńdà.

“Kí omi yìí tó yọ, mo ní ìbéèrè kan. Mo ti gbé e kiri pẹ́.” Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Lọ́dún tí wọ́n mú mi, tèmi náà pọ́n. Ebi ló ń pa tèmi ní tòótọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ kò lóúnjẹ nínú. Mo wá síbí. Mo ní kí o fún mi ní ìlàjì àpò ajílẹ̀. O rántí?”

“Mo rántí.”

“Mi ò sọ fún èèyàn kankan láyé pé mò ń gbin nǹkan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gan-an ò mọ ibẹ̀. Ìwọ nìkan.”

“O ò sọ ohun tí o gbìn fún mi, Murray.”

“O ò bi mí léèrè. Mo ní o ti mọ̀, o kàn ń bò ó fún mi ni. Ìgbà tí wọ́n wá mú mi, mo ní, áà, kò bò ó.”

“Ẹ̀ṣọ́ ẹgàn ló rí i,” Nerida wí. “Ó ń rìn kiri, ó ṣàdédé kàn án. Clive sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Clive, sọ fún un.”

Clive ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ onírun nípọn ló wọ̀ nínú ooru yẹn, torí afẹ́fẹ́ lásán ń dùn ún lẹ́sẹ̀.

“Clive.”

“Kò sí ẹ̀ṣọ́ ẹgàn kankan,” ó wí.

Ẹyẹ kan ń ké lórí wáyà iná. Nerida gbọ́ ọ dáadáa, bí ẹni pé ẹyẹ náà ni yóò bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀.

“Ìwọ lo sọ ọ́,” Clive ń bá a lọ, kò gbé ojú sókè. “Lórí oúnjẹ alẹ́. O ní Murray tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò ní ìkòkò òdòdó kan, ló wá gba ajílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. O ní bóyá inú balùwẹ̀ ló fẹ́ gbin kábéèjì sí. A jọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Nerida, kì í ṣe pé mo fi ń tàn ọ́. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ ni mo wá rò ó.”

“O wá tẹ̀lé e.”

“Iṣẹ́ mi ni.”

“Àbúrò mi ni.”

“Òfin ni òfin. Ká ní mo fojú fò ó, tí ẹlòmíràn wá rí i, wọ́n á ní mo mọ̀.”

“Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ọ́ jẹ sájẹ́ńtì,” Murray wí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó dà bí ẹni tó ń rán ọmọ létí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Nerida fi ọwọ́ kan di ọgbà mú. “Kí ló dé tí o fi parọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹgàn fún mi?”

“Kí o lè sùn ni.”

“Mo sùn,” ó wí. “Mo sùn dáadáa, Clive. Àbúrò mi wà lẹ́wọ̀n, ó ń rò pé mo ta òun, mo sì ń sùn. A sin ìyá wa, kò lè dì mọ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo ṣe, mo sì ń sùn. O ṣe é fún mi lóòótọ́.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin yìí ti fọ́ láti ìgbà tí orí gbogbo wọn ṣì dúdú. Rírùn rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

“Mi ò wá torí ẹ̀bẹ̀,” Murray wí. “Ewé ni mo wá wò. Ṣùgbọ́n tó bá wà lẹ́nu rẹ, mo jókòó síbí.”

Wọ́n dúró dè é. Nerida rí ọ̀rọ̀ náà tó wá sí ọ̀fun ọkọ rẹ̀, ó rí i kedere, ó sì rí i tí ọkọ rẹ̀ gbé e mì.

“Mo ṣe ohun tí òfin ní kí n ṣe,” Clive wí.

Murray mi orí, kò yà á lẹ́nu. Ó dìde, ó ṣí ẹ̀rọ, ó sì fi rọ́bà omi náà sí ìdí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Ó fi han Nerida bí yóò ti ṣe é: kí omi má pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mu àmuyó, kó sinmi, kó tún ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Kó gé ewé tó jóná kúrò. Kó má fún un ní nǹkan kan mọ́, nǹkan kan.

“Méjì tìẹ yìí máa yè,” ó wí. “Méjì ọ̀hún ti lọ. Má da omi rẹ nù síbẹ̀.”

Nerida sìn ín dé géètì. Ó ní kó dúró mu tíì, Murray ní rárá. Nerida ní òun máa fún un nínú òróró náà tóun bá kórè, kó lè fi sí èjìká rẹ̀ tó ń dùn ún.

“Tí mo bá kọjá sí ọ̀hún pẹ̀lú ewé kan lápò, mo tún ti di ọ̀daràn,” Murray wí. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra, àyà sí àyà, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. “Mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi bínú sí ọ, Neri. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí báyìí.”

“Gbé e síbi tó yẹ.”

“Mo ti dàgbà jù,” ó wí. “Ó ti rẹ̀ mí.”

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

*

Nerida fi omi sílẹ̀ kó máa ṣàn sí ìdí igi rẹ̀ àkọ́kọ́ títí oòrùn fi ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ó mú àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, ó lọ sábẹ́ lẹ́mọ́ọ̀nù, ó gé igi Clive méjèèjì nídìí. Kò bínú gé wọn. Ohun tó kú, ibi tó yẹ kó wà ni ààtàn.

Clive ń wò ó láti orí fàráńdà. Ìrora alẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nerida mọ̀ ọ́n láti bí ó ṣe ń fi atẹ́lẹ́sẹ̀ méjèèjì họ ara wọn.

“Méjì tó kù,” ó wí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá, “ṣé ó máa tó wa di ìgbà tí òtútù bá kásẹ̀?”

“Ó máa tó mi.”

“Mo ní ṣé ó máa tó wa.”

“Tèmi ni méjì tó kù, Clive. Tìẹ ti wà lórí ààtàn.”

Ó rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán.

“Nerida. O mọ bí ẹsẹ̀ yìí ṣe ń ṣe mí.”

“Mo mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi.”

“Kí wá ni kí n ṣe?”

“Ìwọ lo kà á sí mi létí. Èèyàn ò gbọdọ̀ fi èyí tó gbìn tọrẹ, ì báà ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Òfin sì ni òfin.”

Ó wọlé. Clive gbọ́ ìró kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí, ó gbọ́ ìró ṣíbí. Nígbà tí Nerida jáde, ìgò òróró ló gbé lọ́wọ́. Ó da ṣíbí kan kún, kò dín in, ó sì gbé e sí ẹnu ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń ṣe lálaalẹ́.

“Ti èṣí lèyí,” ó wí. “Mi ò tíì mọ̀ nígbà tí mo sè é.”

Clive gbé e mì. Nerida dé ìgò náà, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí àwọn méjèèjì ti lè rí i. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ láti ìdí. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù jáde lápò, ó wá orúkọ àbúrò rẹ̀, ó sì gbé fóònù náà lé itan Clive.

“Ṣáájú ọjọ́ Anzac, kí oṣù kẹrin tó parí, ni mo máa gé tèmi,” ó wí. “Àyè wà títí dìgbà yẹn.”

“Kí ni kí n sọ fún un?”

“Ohun tí o gbé mì lọ́sàn-án.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ padà sórí koríko. Omi ti kún ìdí igi àkọ́kọ́, Nerida sì fa rọ́bà náà lọ sí ìdí ìkejì. Ó gbọ́ tí àga ọkọ rẹ̀ dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró, ó fetí sílẹ̀, kò yíjú. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé tó jóná kúrò lára igi rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó wọn sínú garawa tí Murray jókòó lé.